Ẹ Bi Wá Léèrè: Kangarúù Orí Igi àti Àwọn Ọdẹ Tó Dá A Sí

Nínú ìwé wa tó kọjá la gbé fọ́tò kangarúù kan jáde, ó jókòó sórí ẹ̀ka igi nínú igbó òjò ní Papua New Guinea, a sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ń tán lọ, kò dẹ̀ sí nílẹ̀ wa. Ìlà mẹ́ta péré ni. Lẹ́tà àti mẹ́sééjì tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ó ju tọ̀rọ̀ owó epo lọ. Mo ti ṣa díẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó bi nǹkan kan náà mo pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́rin nípa lanlọ́ọ̀dù ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ìyẹn ò sí lára tòní.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló fi fọ́tò yẹn hàn mí, mo ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ṣebí gbogbo nǹkan ni kọ̀ǹpútà ń ṣe báyìí. Kangarúù tí èmi mọ̀, ilẹ̀ ló ti ń fò kiri. Ṣé lóòótọ́ ló ń gun igi? – Ìyá Àánú, Òkè-Fìà

Ìyá Àánú, mi ò dá yín lẹ́bi, pẹ̀lú gbogbo nǹkan tójú ń rí lórí fóònù lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni o. Oríṣi kangarúù tó ń gbé orí igi tó nǹkan bíi 14, méjì wà ní Australia, lápá àríwá Queensland, gbogbo ìyókù wà ní erékùṣù New Guinea, tí Indonesia ni apá kan ẹ̀, tí Papua New Guinea ni apá kejì. Eléyìí tá a gbé jáde, Matschie ni wọ́n ń pè é, orúkọ onímọ̀ ẹranko kan ará Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1907. Orí àwọn òkè Huon ló ń gbé, àti erékùṣù Umboi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò sí níbòmíì nínú igbó láyé yìí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa wọn ni pé àwọn babańlá kangarúù, orí igi ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ di ẹran ilẹ̀, nígbà tó yá apá kan tún yí padà gun igi lọ, ni ara wọn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn kúrú ju ti ìbátan wọn tó wà nílẹ̀ lọ, ó dẹ̀ fẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn rí rọ́bàrọ́bà kó má baà yọ̀, èékánná gùn ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, apá le. Kangarúù ilẹ̀ tó bá ń fò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé pọ̀, àmọ́ èyí tó wà lórí igi lè gbé ọ̀kan kó tó gbé ìkejì, bó ṣe ń rìn lórí ẹ̀ka nìyẹn. Ìrù ẹ̀ gùn gbọọrọ, kì í fi di igi mú o, ó kàn fi ń wọn ara ẹ̀ kó má ṣubú ni. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ìdí ló máa ń fi ṣáájú. Tó bá wá di pé nǹkan ń lé e, á fò láti orí igi kan bọ́ sórí òmíì tó fi mítà 9 wà nísàlẹ̀, ó dẹ̀ lè já wálẹ̀ láti mítà 18 kó dìde kó máa lọ, kí nǹkankan má ṣe é.

Àwọ̀ ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ikùn àti ẹsẹ̀ àti ìrù ẹ̀ yẹ́lò, ó ń wọn kìlò 7 sí 11. Ewé ló ń jẹ, àti òdòdó àti àwọn nǹkan tútù tó ń hù lára igi. Inú oorun ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Irun ẹ̀yìn wọn tún máa ń hù lódìlódì, torí ó máa ń tẹrí ba kúńkú tí òjò bá ń rọ̀ sí i lórí, omi á kàn gbabẹ̀ ṣàn lọ. Kọ̀ǹpútà ò lè ro ìyẹn o jàre.

Mo ti ń dẹ̀gbẹ́ láti kékeré. Ẹranko tẹ́ ẹ gbé jáde yẹn, ṣé òfàfà kọ́ ni? Òfàfà náà ń gbé orí igi, a máa ké lóru títí oorun á fi dá lójú èèyàn. Báwo lẹ ṣe wá ní kò sí nílẹ̀ wa? – Bàbá Ọdẹ, ọ̀nà Ìbòkun

Bàbá, àrínpa o! Òfàfà kọ́ ni, sà. Mo mọ ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ní irun kíkì, wọ́n ń gbé orí igi, ewé ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹni tí òfàfà bá tan ẹ máa rẹ́rìn-ín: erin ni. Bẹ́ẹ̀ ni, erin igbó. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nínú gbogbo ẹran ayé, ara àwọn ẹbí tó sún mọ́ erin jù ló wà.

Kangarúù ní tiẹ̀, ẹran alápò ni, kò dẹ̀ sí ẹran alápò kankan nínú igbó Áfíríkà níbi kankan, láti Senegal títí dé Kenya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú inú ẹran sílẹ̀ rí, ó máa tètè yé yín. Abo kangarúù orí igi, nǹkan bí ọjọ́ 44 péré ló fi ń lóyún. Ọmọ tó ń bí nígbà yẹn ò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, kò nírun lára, kò ríran, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì jọ ẹsẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló máa fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara ẹ̀ láàárín irun ikùn ìyá ẹ̀ títí á fi wọnú àpò, á wá di orí ọmú mú, kò ní tú u sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibẹ̀ ló ti máa parí gbogbo ìyókù tí ọmọ ẹran tiwa ń parí nínú oyún. Ó máa lo nǹkan bí oṣù 10 nínú àpò kó tó jáde pátápátá, tó bá tiẹ̀ jáde náà, á ṣì máa ki orí bọ̀ ọ́ padà láti mu ọmú. Ọmọ kan ṣoṣo ni o, kì í bí ìbejì bíi tiwa.

Bàbá, ẹ wá ro ó. Ọ̀yà tẹ́ ẹ bá pa lónìí, àwọn tó kù nínú igbó lè bí mẹ́rin, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Eléyìí ọ̀kan, ọ̀kan náà dẹ̀ máa pẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Tọ́dẹ bá pa abo tó gbọ́mọ sápò, ẹran méjì ló pa, àpò ọdẹ ò dẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀. Àwọn ọdẹ ibẹ̀, ajá ni wọ́n ń kó dání jù: ajá á gbọ́ òórùn, ọdẹ á gun igi lọ bá a, ẹran á já wálẹ̀, ajá ti ń dúró. Ó ń bẹ́ sílẹ̀ láti mítà 18 kò kú, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, kò lè sá fájá. Yàtọ̀ sí èèyàn àti ajá, ẹyẹ idì ńlá kan àti ejò òjòlá náà ń jẹ wọ́n, àmọ́ àwọn yẹn ti ń jẹ wọ́n láti ìgbà pípẹ́, wọn ò jẹ wọ́n tán.

Ẹ ǹlẹ́ sà. Mélòó ló kù láyé, èwo ló dẹ̀ sún mọ́ ìparun jù nínú wọn? Ẹ̀rí ló yẹ kẹ́ ẹ fi hàn wá o, kì í ṣe ìtàn. – Akẹ́kọ̀ọ́ kan, UNIOSUN

Àbúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹran tó ń gbé orí igi nínú kùrukùru, lórí òkè tó ga tó mítà 1,000 sí 3,000, ta ló fẹ́ tò wọ́n síta kà? Matschie wà nínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu. Èyí tí wọ́n ń pè ní Tenkile, tó ń gbé orí òkè Torricelli ní Papua New Guinea, wà lára àwọn tó wà nínú ewu jù lọ, 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nípa ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oríṣi ọ̀tọ̀. Ní bíi 2001, àwọn tó ń ṣọ́ ọ fojú bù ú pé nǹkan bí 100 ló kù, lónìí wọ́n ní ó ti lé ní 300. Má wò ó pé ó ṣì kéré, kò pọ̀ nínú irú ẹran báyìí tí nọ́ńbà wọn ń gòkè dípò kó máa wálẹ̀.

Wondiwoi tún wà, ti apá Indonesia. Ní 1928, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ernst Mayr pa ọ̀kan, wọ́n gbé awọ ẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, látìgbà yẹn kò sí onímọ̀ kankan tó fojú kàn án mọ́, ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti tán. Afi 2018 tí ará England kan, Michael Smith, tí kì í tiẹ̀ ṣe onímọ̀ ẹranko, ewéko ló fẹ́ràn, kó àwọn ará ibẹ̀ dání gun òkè yẹn, wọ́n la inú ọparun kọjá, ló bá ya fọ́tò ẹ̀ lórí igi. Àádọ́rùn-ún ọdún! Fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí ẹ.

Ohun tó ń lé wọn, o ti mọ̀ ọ́n: ọdẹ, gígé igi, oko tuntun. Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i náà wà níbẹ̀, torí ẹran tó bá ń sá fún ooru á máa gòkè sí i ni, òkè dẹ̀ níbi tó ń parí sí.

Ẹran ìgbẹ́ ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, méjì ti jáde yunifásítì nínú wọn. Gbogbo ìgbà lẹ̀yin oníwèé máa ń ní ká má pa, ká má tà, ká má jẹ. Àwọn ará ibẹ̀ yẹn, kí ni wọ́n ń jẹ? Àbí òyìnbó ló ń bọ́ wọn? – Ìyá Ẹlẹ́ran, ọ̀nà Ìlobù

Ìyá wa, ẹ kú oríire àwọn ọmọ. Lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo wọn. Rárá o, òyìnbó kankan ò bọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé torí ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní Papua New Guinea, nǹkan bíi 97 nínú ìdá 100 ilẹ̀ ló jẹ́ ti ìdílé àti agbo ilé, bó ṣe wà látọwọ́ àwọn baba wọn, òfin dẹ̀ fọwọ́ sí i. Torí náà, kò sí mínísítà tó máa jókòó sí Port Moresby, olú-ìlú wọn, kó fi báírò fa ìlà sórí máàpù pé igbó yìí ti di tìjọba lónìí, kọ́dẹ má wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí igbó dúró, onílẹ̀ ló máa lọ bá, wọn á jókòó sọ ọ́, wọn ò ní parí ẹ̀, á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lisa Dabek ṣe ṣe é nìyẹn, láti 1996, ní àgbègbè tí ò ní títì, bàálù kékeré ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi parí ìyókù. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ fúnra wọn ti rí i pé ibi tí wọ́n ń rìn dé kí wọ́n tó rí ọ̀kan pa ti ń jìnnà sí i. Wọ́n tún ní ibi tí àwọn baba wọn ti kà léèwọ̀ látijọ́, tí wọn kì í ti dẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ lẹran máa ń sá sí láti bímọ. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n fẹ ibi èèwọ̀ yẹn lójú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan gé lára ilẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní ibí yìí kò sí ìbọn, kò sí ajá, kò sí àdá, apá tó kù ọdẹ lè máa ṣọdẹ níbẹ̀. Abúlé tó lé ní 50 ló dara pọ̀, gbogbo èyí tí wọ́n gé sílẹ̀ tó hẹ́kítà 78,000. Ní 2009 ìjọba wọn wá fi òfin tì í lẹ́yìn, òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yẹn. YUS lorúkọ ẹ̀, wọ́n fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọ lára odò mẹ́ta, Yopno, Uruwa àti Som.

Ará Òṣogbo ló yẹ kí irú ẹ̀ yé jù. Igbó Ọ̀ṣun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi, kó tó di pé UNESCO mọ̀ ọ́n ní 2005 rárá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gé e jẹ díẹ̀díẹ̀, Àdùnní Olórìṣà àtàwọn olórìṣà pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dúró síwájú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ fi ń rìn gbẹ̀fẹ́ níbẹ̀ títí dòní, tí ẹ ò dẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀kan nínú igbó tí ò léèwọ̀ nílẹ̀ yìí mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá wa, ẹ bi mí ní kí ni wọ́n ń jẹ. Ní ọ̀dọ̀ àwọn onítenkile, abúlé nǹkan bí 50 náà ló ṣèpàdé pé àwọn ò ní pa á mọ́, ètò tó ń rí sí i wá kó ehoro wá fún wọn láti máa sìn, wọ́n kọ́ wọn ní sísin adìẹ àti ẹja, wọ́n tún gbé táǹkì omi òjò wá. Ní YUS, kọfí ni wọ́n ń gbìn lẹ́bàá ilé, wọ́n bá wọn wá ẹni tó ń rà á lówó gidi tààràtà ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, láì gba ọwọ́ aláròóbọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló ń gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ igbó, àwọn tó mọ ibi tí ẹran máa ń gbà torí àwọn àti bàbá wọn ti lé e rí. Èrò tèmi ni pé òfin tó bá ní kéèyàn má jẹ, tí kò sọ ohun tó máa jẹ, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà nìkan ló máa lówó níbẹ̀.

Tiyín wá ńkọ́? Ọ̀yà tí wọ́n sìn nínú kéèjì wà, àwọn kan ti ń fi ṣòwò nílẹ̀ wa, ẹ lè máa rà á lọ́wọ́ wọn tà. Akíkà onípẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá lóru, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á, gbogbo ayé ti fòfin de títà á láti ilẹ̀ kan sí òmíì, ó dẹ̀ lòdì sófin ní Nàìjíríà níbí.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹran New Guinea nígbà tí omi Ọ̀ṣun ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀! Ṣé tìyẹn ò ká yín lára ni? – Inú Ń Bí Mi, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, ó ká wa lára. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ lókè odò ló sọ omi dà bẹ́ẹ̀, ó dé ibi tí wọ́n ń kìlọ̀ fáwọn tó wá sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé igbó tá a ṣọ́ jẹ́ hẹ́kítà 75, odò tó gbabẹ̀ kọjá ti jìnnà wá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a dẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń da nǹkan sí i lẹ́yìnkùlé. Ibi tí mo ti gba ti àwọn YUS nìyẹn. Ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun, ó gùn ún títí dé orí òkè tó ga tó mítà 4,000, odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹ̀. Àwọn tó wà lókè odò àtàwọn tó wà nísàlẹ̀, àdéhùn kan náà ni wọ́n jọ ṣe. Ìgbà wo làwọn ará Iléṣà àti Òṣogbo jókòó pọ̀ lórí odò yìí gbẹ̀yìn? Ẹ bá mi bi àwọn aṣòfin yín.

Ṣé a lè mú kangarúù orí igi méjì wá sí Igbó Ọ̀ṣun, akọ kan abo kan, kí wọ́n máa bá àwọn ọ̀bọ ṣeré? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. – Àlékúwodò

Ọmọ mi, o ṣeun, ìbéèrè ẹ dùn. Wọn ò ní lè gbé ibẹ̀. Orí òkè tí wọ́n wà tutù, wọ́n máa ń wà nínú kùrukùru, ooru Òṣogbo máa pọ̀ fún wọn. Wọ́n ti so rédíò mọ́ díẹ̀ nínú wọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń rìn dé, wọ́n rí i pé ẹyọ kan lè lò ju hẹ́kítà 80 lọ. Gbogbo Igbó Ọ̀ṣun, 75. Ẹyọ kan ò ní ráyè níbẹ̀, ká má tíì sọ ti méjì. Wọn kì í dẹ̀ ṣeré pẹ̀lú ẹlòmíì, kálukú ló máa ń dá wà, àfi ìyá àtọmọ. Àwọn ọ̀bọ yẹn náà, tó o bá lọ kí wọn, má fún wọn ní bísíkíìtì o, wọ́n máa gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ, wọ́n á wá máa já a gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí tó gbẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ àbúrò tó ń bá mi tẹ ojú ewé yìí ló ti wá, ó ka ti Ìyá Ẹlẹ́ran tán ló bi mí: Ẹ̀gbọ́n, kọfí tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwa ò lè fi kókó wa ṣe irú ẹ̀ ni?

A lè ṣe é. Bàbá ẹ ní oko kókó ní Ọ̀ṣun ńbí, àbí? Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023, pé kókó tí wọ́n bá gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó ẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020 ò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, wọ́n dẹ̀ máa béèrè ibi tí oko wà gan-an lórí máàpù. Wọ́n ti ń sún ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kókó ti ń wá oko tó máa yege. Kókó bàbá ẹ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, kò gé igbó kankan. Sọ fún wọn kí wọ́n fi fóònù ya igun oko mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí máàpù bá gbé jáde sílẹ̀, kí wọ́n tó tún tà á fún aláròóbọ̀ níye tó bá pè é.